Òógùn àbí Oògùn

"Dúró níbẹ̀." Wolé-wolé ìjọba òyìnbó na ọ̀pá sí obìnrin alágbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Àgbádárìgì, lọ́sàn-án gangan. "Ara ẹ rin gbingbin. Ibà lo gbé bọ̀ láti Àjàṣẹ́." Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn alárùn tó so mọ́ ìgbànú ẹ̀. "Ibẹ̀ ni wàá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀gá, ọmọ ọwọ́ mi ń dúró de ọmú nílé. Òógùn lásán ni."

Ṣẹ́ ẹ mọ̀, Ègùn ni obìnrin náà, Yorùbá ẹ̀ wọ́ díẹ̀. "Oògùn" ni wolé-wolé gbọ́.

"Oògùn? Èmi lo fẹ́ fi oògùn mú?"

Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Òógùn, oògùn, ọ̀kan náà kúkú ni," obìnrin náà fèsì. "Bí oòrùn bá pa ara, ara á pọn omi da sórí ara ẹ̀ kó lè tutù. Ẹni tí ò làágùn nínú oòrùn yìí ni kẹ́ ẹ tì mọ́lé."

"Ta nìyẹn?"

Aṣọ kakí wolé-wolé ni obìnrin náà ń wò, ó gbẹ háúháú, bọ́tìnnì ẹ̀ sì dé ọrùn. Ẹ̀rín dá. Gbogbo èrò sún sẹ́yìn.

Wolé-wolé fẹ́ bú u, eyín ẹ̀ ò jẹ́. Eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ń gbá ara wọn bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Kọ́kọ́rọ́ ìgbànú ẹ̀ náà ń dún ṣaworo-ṣaworo.