Abẹ́rẹ́ Orí Mùjídàt

Láti ọjọ́ tí Àlàájà Àmínà ti gbọ́ pé májèlé wà nínú abẹ́rẹ́ orí ni kò ti jẹ oúnjẹ tí Mùjídàt, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá sè mọ́.

"Ẹni tí wọ́n gún ní májèlé ni yóò wá ro ọkà fún mi? N ò tíì fẹ́ kú o," ni ó wí fún Ìyá Abísọ́lá, aládùúgbò wọn ní Igbó-Ọrà, ó sì gbé ohùn sókè kí ó lè dé inú yàrá.

Inú yàrá náà ni Mùjídàt wà, ó ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ẹ̀fọ́rí túúlu ni. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló máa ń mú, á mú un bì, kò ní jẹ́ kó lè wo ìmọ́lẹ̀. Nínú oṣù kan, ọjọ́ tí orí náà ń fọ́ pọ̀ ju ọjọ́ tí kì í fọ́ lọ. Ó ti lo oríṣiríṣi oògùn kí wọ́n tó ní kí òun àti Sàláúdéènì, ọkọ rẹ̀, lọ rí Dókítà Ọmọ́ṣọlá ní Ìbàdàn.

Dókítà náà kò tàn wọ́n jẹ. Ó ní láti ara kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ni wọ́n ti ń rí abẹ́rẹ́ bótọ́ọ̀sì, pé májèlé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Kì í wo ẹ̀fọ́rí náà tán. Ó ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù ni. Ti ẹlòmíràn á dín sí ìdajì, ti ẹlòmíràn kò ní dín rárá. Iwájú orí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́ àti ọrùn ni wọ́n ń gún un sí, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un gún. Nígbà tí ó dárúkọ owó rẹ̀, Sàláúdéènì bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ.

Sàláúdéènì padà sílé, ó ta ọ̀kadà tó fi ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko lọ́nà Igangan. Òun àti Mùjídàt tún gbéra lọ sí Ìbàdàn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé ilé. Ìyá Sàláúdéènì dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Owó ọ̀kadà yẹn ńkọ́?"

"A ti san án, Màmá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mùjídàt kúnlẹ̀ kí i, ó sì wọlé lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀fọ́rí tún dé.

Oṣù yẹn náà ni ìyá lọ sí Mẹ́kà. Ó ti ń ta gaàrí tu owó rẹ̀ jọ láti ìgbà tí Sàláúdéènì ti wà ní kékeré, Sàláúdéènì ló sì bá a san èyí tó kù. Nígbà tí ó dé, ó fi góòlù sí eyín kan, àdúgbò sì ń pè é ní Àlàájà. Orí Mùjídàt kò yí padà.

"Ọmọ mi rán mi lọ sí Mẹ́kà," ni Àlàájà máa ń wí fún ẹni tó bá wá kí i, "ìyàwó ẹ̀ ń rán òun lọ sínú òṣì."

"Ẹ ṣe sùúrù, Àlàájà," ni Ìyá Abísọ́lá wí. "Bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣì ń wá ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo? Àbí ó gba Èrúwà lọ ni? Irọ́ ni orí yẹn ń pa. Ọ̀lẹ ni."

Mùjídàt gbé omi jáde sínú oòrùn, ojú rẹ̀ hunjọ.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe fajú ro sí mi! Iwájú orí bí aṣọ tí wọn ò lọ̀."

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Oòrùn ni."

Nígbà tí Sàláúdéènì wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tà, ó ní àwọn ń lọ sí Ìbàdàn nítorí abẹ́rẹ́ náà. Àlàájà pàtẹ́wọ́.

"O ò ra ọ̀kadà, orí lo tún fẹ́ rà. Ó dáa. Mo ń bá yín lọ. Bí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé jìbìtì ni, láti Ìbàdàn ni Mùjídàt yóò ti gba ilé bàbá ẹ̀ lọ. Allah gbọ́."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Àlàájà," ni Mùjídàt wí. "Ọ̀nà náà jìn."

"Mo lọ Mẹ́kà mo bọ̀, Ìbàdàn ló wá jìn? Kí lo ò fẹ́ kí n rí?"

Mùjídàt wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

Ní ọ́fíìsì dókítà, Àlàájà kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ gba owó ọmọ mi. Kí ló dé tí orí ìyàwó ẹ̀ ò sàn?"

Dókítà Ọmọ́ṣọlá wo Mùjídàt. Ìlà to jọ gbọọrọ-gbọọrọ níwájú orí rẹ̀.

"Màmá, ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, iwájú orí rẹ̀ kì í lè hunjọ báyìí. Mi ò tíì gún un rí. Wọ́n kó owó wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta yẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí a máa fi pè wọ́n, wọ́n ti dìde lọ."

Àlàájà yíjú padà, ó sì gbá híjáábù Mùjídàt mú lọ́rùn.

"Olè! Mo ti sọ ọ́! Ta lo kó owó ọmọ mi fún? Ìyá ẹ ni, àbí àlè?"

Mùjídàt di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń mi orí sí i pé kó má sọ̀rọ̀. Sàláúdéènì já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni ó wí; "orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Mùjídàt ti ní kí n lọ fi owó abẹ́rẹ́ náà kún owó Mẹ́kà yín kí wọ́n tó yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń lọ, kí n má sì jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó náà ti wá, torí bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní lọ."