Pásíwọ́ọ̀dù Olóògbé
Opó náà tún tẹ oríkì ara rẹ̀, Àdùkẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tó fẹ́ so mọ́ wáífáì ò gbà á. Ó ti tẹ orúkọ àwọn ọmọ títí. Ọkọ rẹ̀ ló fi pásíwọ́ọ̀dù sí wáífáì ilé, kò sì sọ ọ́ kó tó kú. Aago mẹ́wàá ni ìsìn ìsìnkú n'Ígàndò. Mẹ́sàn-án ti lù, ìwé ètò ò tíì jáde.

"Olúwa, má jẹ́ kójú tì mí!"

Obìnrin tó wá kẹ́dùn láti Ìjẹ̀gùn, tó ní ibi iṣẹ́ lòun ti mọ olóògbé, gbójú sókè.

"Ẹ tẹ 'Àbẹ̀kẹ́ tèmi', mà."

"Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Opó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kùn, fọ́tò ọkọ rẹ̀ lójú ìwé ètò sì ń jáde bọ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín.