Ẹni Tí Ẹ̀rọ Mọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Lartey, ọ̀gá tuntun, ti Accra dé sí ilé-iṣẹ́ omi ní Sekondi láàárọ̀. Wọ́n gbé omi mímu fún un kí oníkálukú tó dárúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní òun ò ráyè ìyẹn, kí wọ́n pe ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wá. Bí àwọn tó ń ti Accra wá ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Anti Araba ló wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, Araba tó jẹ́ orúkọ ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é, títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo, lẹ́nu géètì.

“Anti, ẹ bá mi yọ ẹnì kan kúrò nínú ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń pín omi. Philomena Quansah.”

Anti Araba bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. “Kí ló ṣe?”

“Wọ́n ní kó ṣí àyè nínú ètò náà fún àna alága ilé-iṣẹ́ wa, ó kọ̀. Ó ní òun ò rí i níbi iṣẹ́ rí.”

“Ṣé ẹ̀yin ti rí i?”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

“Ọ̀gá, ètò yẹn ò dá èèyàn mọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń bi léèrè. Ẹni tí ẹ̀rọ bá mọ̀ lòun náà ń gbà wọlé. Tí mo bá yọ Philomena lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó sì ń tọ́ ọmọ ní yunifásítì.”

“Kí iṣẹ́ bọ́ náà la fẹ́.”

“Mi ò ní yọ ọ́.”

Inú bí Lartey. “Ọ̀rẹ́ yín ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣojo.”

“Ẹ yọ ọ́, màá fi yín ṣe olórí ẹ̀ka yìí.”

“Ẹ fi àna alága ṣe é. Òun ni kò ríṣẹ́ ṣe.”

Inú ń bí Anti Araba náà, àmọ́ kò gbé ohùn sókè.

Lartey fọwọ́ gbá tábìlì. “Ó dáa. Ẹ pe Philomena yẹn wá. Kó wá sọ ọ́ lójú mi pé òun kọ̀.”

“Kò ní pẹ́ yọjú.”

Anti Araba fa àga sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ọ̀gá, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ṣí. Ó ṣí ètò omi. Ìyẹn ò tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kankan. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ Lartey, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sáyà.

Ohun tí ètò náà kọ síbẹ̀ ni, “Ẹ káàbọ̀, Philomena Quansah.”