Bátìrì Mẹ́ta nílé Àkùkọ

"Bàbá, bí ẹ bá kọ tí oòrùn ò yọ ńkọ́?"

Òròmọdìẹ ló béèrè. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àkùkọ, tó gbà pé ohùn òun ló ń jí oòrùn. Iná sólà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yá, a máa jẹ bátìrì kan lálẹ́.

Adìẹ ní kí wọ́n tọ́jú bátìrì sí i. Àkùkọ ní, "Ẹ̀rù ló ń ba ìyá yín. Ọ̀kan tó!"

Adìẹ mọ òjò oṣù Agẹmọ, tí kì í tètè dá. Ó rọra fi méjì kún un.

Òjò ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta. Àkùkọ gun òrùlé:

"Oòrùn, jí o!"
*Jí, jí, jí!*
"Èmi ni mo pè ọ́!"
*Jí, jí, jí!*

Oòrùn ò jí. Ní alẹ́ kẹta Àkùkọ wọlé, ó tutù rinrin, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ìyá Ọmọ, mo pè é títí."

"Mo gbọ́, baálé mi. Ẹ wá yáná."

Iná ṣì ń jẹ bátìrì kẹta. Adìẹ na ìyẹ́ apá bò ó mọ́ àwọn ọmọ, gbogbo wọn sì sùn lọ.