Ẹ̀gbà Bọ́má Ọwọ́ Mojíre

Kí la ti mọ̀ nípa wúrà? A mọ̀ pé kì í dípẹtà, a sì mọ̀ pé ó rọ̀. Nítorí rírọ̀ rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Bọ́má fi máa ń fà á títí yóò fi tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Wọn á lọ́ ọ, wọn á ká a bí ewé àti òdòdó, wọn á sì fi iná jó wọn pọ̀.

Irú ẹ̀gbà ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni Oyèwọlé rà bọ̀ láti ogun Bọ́má. Nígbà tó fẹ́ Mojíre, aláró Ìlódè, lọ́dún 1963, ó fi sí i lọ́wọ́. Lọ́dún 1984, Oyèwọlé kú.

Nínú ìdílé wọn, ohun tí ọkọ bá fi sára ìyàwó gbọ́dọ̀ bọ́ kí àbúrò ọkọ tó lè ṣú u lópó. Kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́, torí ohun òkú ni. Àjàgbé, àbúrò Oyèwọlé, ti kun yàrá kan sílẹ̀ de Mojíre. Mojíre ti sọ pé òun ò fẹ́. Wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Wọ́n fi ọṣẹ, wọ́n fi epo, ẹ̀gbà ò bọ́. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Ògúndèjì, alágbẹ̀dẹ wúrà. Mojíre jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin ilé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Na ọwọ́, ìyàwó," Àjàgbé wí. "Àbí o fẹ́ kí òkú di ọ́ lọ́wọ́ mú títí ayé ni?"

"Ọkọ mi, ọwọ́ ọ̀hún ló ń dùn mí."

Ògúndèjì fi awò sójú. Aró ti wọ apá obìnrin náà láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, títí kan abẹ́ ẹ̀gbà. Wúrà náà mọ́ roro. Ó yí i díẹ̀, ó dúró, ó gbójú sókè wo Mojíre. Mojíre ń wo ilẹ̀.

"Ògúndèjì, ṣé o ti sùn lọ ni?" Àjàgbé bi í.

Alágbẹ̀dẹ fi àkísà bo ẹ̀gbà náà. "Kò lẹ́nu tó ṣeé ṣí. Iná ti sọ ọ́ di odindi. Bí mo bá fà á, á já."

Lágúnjú, olórí ẹbí, mí kanlẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Oyèwọlé ò tíì jọ̀wọ́ ìyàwó ẹ̀."

Mojíre sunkún. Àwọn obìnrin ilé káàánú rẹ̀. Wọ́n ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wúrà yẹn, ó di ọjọ́ ikú.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ wá òdòdó tó kéré jù lọ lára rẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ àárín rẹ̀, kí ẹ sì yí i sápá òsì, yóò ṣí, bí Mojíre ti ń ṣe láràárọ̀ láti ohun tó lé ní ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aró.