Ìbéèrè Nípa Ìsinmi

Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá kékeré tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kò le rárá. Wọ́n ń kọ ìbéèrè tí wọ́n á fi mọ bí ayé ṣe rọ aláìsàn lọ́rùn tó. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ìrora ń jẹ́ kó dìde? Ó tán. Àṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá wọ́ nínú ìbéèrè lè sọ ìdáhùn ọgọ́rùn-ún èèyàn di irọ́. Obìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà mọ èyí dunjú. Àǹtí Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é níbiṣẹ́, torí pé bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á fẹ́ mọ irú àárọ̀ tó o ní lọ́kàn.

Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè tán, wọn kì í gbà á gbọ́. Wọ́n á pe èèyàn wọlé, wọ́n á bi í, wọ́n á sì ní kó tún ìbéèrè náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n bi í ló gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé ni wọ́n ń pè.

Nọ́ọ̀sì kan wà lára wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Àwọn tí dókítà ti sọ pé kò sóhun tí òun tún lè ṣe fún mọ́ ló ń tọ́jú.

“Ṣé aláìsàn yín rí ìsinmi?” Àǹtí Ìbéèrè bi í. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ bó ṣe yé yín.”

“Ẹ̀ ń bi mí bóyá mo jẹ́ kí wọ́n rí ìsinmi,” nọ́ọ̀sì dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ìrora bá ti pọ̀ jù, mo máa ń fún wọn ní ìsinmi.”

“Àwọn wo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn ni, Àǹtí.”

Àǹtí Ìbéèrè pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó tún ìbéèrè náà bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè dá a lójú pé òun gbọ́ ọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì tún ìdáhùn rẹ̀ sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

“Mo ní ìyá kan nílé,” Àǹtí Ìbéèrè wí.

Jẹjẹrẹ ló wọ ìyá náà légungun. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ paraku, ẹni tó máa ń fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yóò fi wọn aṣọ rẹ̀ tán. Ní báyìí, bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, igbe ọmọdé ló ń ké. Àánú rẹ̀ ń ṣe Àǹtí Ìbéèrè ọmọ rẹ̀ gan-an, ó sì ti rẹ ọmọ náà tẹnutẹnu. Nígbà mìíràn, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò ní fẹ́ wọlé.

Nọ́ọ̀sì kó dé. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀.

“Irú ìrìn wo lèyí? Ṣé ológbò lo gbà wálé ni?”

“Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu o, Màámi. Wọ́n mọṣẹ́.”

“Kí wọ́n ṣáà má fi oorun pa mí,” ìyá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Màá jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ, bó bá jẹ́ orí àga ni màá ti jó o.”

“Ara á tù yín láìpẹ́,” ọmọ rẹ̀ dáhùn, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Tíṣà fi já wọ yàrá ìwádìí. Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló ń bá wọn yẹ ọ̀rọ̀ wò.

“Ìbéèrè ìsinmi yìí ti wọ́!” ó ní, ẹ̀rín ń pa á. “Bàbá kan ní ìyàwó òun ti rí ìsinmi, pé ọjọ́ táwọn sin ín ni. Àwa ń bi í léèrè oorun, òun ń sọ ti ikú!”

“Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́,” Àǹtí Ìbéèrè yára sọ. “Ká kọ ‘ṣé wọ́n ráyè sùn’ síbẹ̀.”

“Yíyọ ti yá. Àwọn tó ti dáhùn ńkọ́?” Tíṣà dúró ṣán. Òun ló gbọ́ gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. “Nọ́ọ̀sì yẹn. Ó ní òun ló ń fún wọn. Ó ní gbogbo wọn.”

Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Àǹtí, níbo lobìnrin yẹn wà báyìí?”

“Ó wà nílé mi.”

“Lọ́dọ̀ ta ni?”

“Lọ́dọ̀ ìyá mi.”

“Yéè! Ẹ pe ilé! Ẹ pe ilé kíá!” Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wá awakọ̀.

Àǹtí Ìbéèrè ti ilẹ̀kùn. Ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Fóònù dún títí kí nọ́ọ̀sì tó gbé e.

“Màámi ńkọ́?”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Wọ́n tún ń fi ìrìn mi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ó mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Tíṣà nísàlẹ̀ tó ń kígbe mọ́ awakọ̀ pé kó yára.

“Ẹ má tíì ṣe ohun tá a jọ sọ o, nọ́ọ̀sì,” ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, “Tíṣà ti ń fura, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”