Ẹ Ní Ká Rẹ́rìn-ín

Wọ́n yọ eyín iwájú méjì lẹ́nu Ayọ̀ká, ọmọ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ihò kékeré ló wà lára eyín náà, dókítà eyín fúnra rẹ̀ sọ pé dídí ni ká dí i. Ṣùgbọ́n káàdì ìlera tí ìjọba fún àwa mẹ̀kúnnù kò sanwó eyín. Mo mú ọmọ pa dà sílé, mo ń fi omi iyọ̀ àti kànáfùrù tàn án. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bí ẹni fi odidi ẹ̀kọ sẹ́nu, yíyọ nìkan ló kù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ìyókù fún yín. Ìlú Ìdí-Ọsàn yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòṣebìkan ni alága ìgbìmọ̀ káàdì wa. Kì í ṣe olè, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àlèébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn kí ayé máa wo òun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín náà tán, mo fa Ayọ̀ká lọ́wọ́, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi eyín sínú káàdì."

Kò tilẹ̀ wo ọmọ náà. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀ká, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ibà ń pa èèyàn, ìbímọ ń pa èèyàn. Ta lẹ ti rí tí eyín pa rí?"

"Bàbá Sùfíánù tó ń ran bàtà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Eyín ló bẹ̀rẹ̀. Ó wú dé ọrùn, kò lè mí mọ́. Ẹ̀yin náà wá síbi ìsìnkú rẹ̀."

Ó wúkọ́. "Ẹ lọ máa rún orín. Orín làwọn bàbá wa ń rún."

"Orín ni mo ń tà, sà! Ogún ọdún ni mo ti ń tà á. Orín ń fọ eyín, kì í dí ihò."

Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ eyín náà ni Ayọ̀ká ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé òdìkejì títì! Bí olùkọ́ bá ní kó kàwé sókè, á ní ọ̀fun ń dun òun. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Alága rán akọ̀wé rẹ̀ sí wa pé àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú ìlú. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò àwa obìnrin àtàwọn ọmọ wa, ká gbé káàdì sókè, ká máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ńlá tó wà ní oríta. Alága yóò dúró láàárín wa.

Mo ní ó dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo obìnrin tó ń fi etí ìborùn bo ẹnu ní Ìdí-Ọsàn ni mo kàn sí. Ìyá Káfáyà, àgbàlagbà tí eyín mẹ́ta péré ṣẹ́kù fún, bi mí pé, "Ojú ò ní tì wá báyìí?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ eyín kúrò nínú káàdì ni?"

Ó rò ó. Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Oní-fọ́tò ní, "Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín!" Àwa obìnrin mẹ́tàdínlógún la ẹnu títí dé èrìgì ẹ̀yìn. Kùkùté eyín, eyín dúdú, àlàfo tó ń wo àlàfo. Oní-fọ́tò rọra gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Alága pariwo, "Ẹ pa ẹnu yín dé! Ètè nìkan ni kí ẹ fi rẹ́rìn-ín!"

Ìyá Káfáyà ní, "Àbúrò, ṣé ètè wà nínú káàdì ni?"

Ẹ̀rín bú. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan tí mi ò gbọ́ láti oṣù mẹ́ta. Mo yíjú pa dà. Ayọ̀ká ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò sí lẹ́nu mọ́.

Àgbà obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alága, kí ló ṣe eyín àwọn èèyàn yìí?" Alága ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọn ò ya fọ́tò kankan mọ́. Pátákó yẹn ṣì wà ní oríta lófìfo dòní. Ó fẹ́ kí ayé wo òun. Ayé sì wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ìtìjú tí kì í ṣe tiyín. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹ̀rín mẹ̀kúnnù ṣe ọ̀ṣọ́, kó kọ́kọ́ tọ́jú eyín mẹ̀kúnnù. Ara kan náà ni ibà àti eyín ń bá jà. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Alága, ẹ̀yin ni mo wá kọjú sí báyìí: wọ́n bi yín léèrè lójú gbogbo wa, ẹ ń wo bàtà. Bàtà ò ní ẹnu. Eyín tó kù lẹ́nu ọmọ mi ṣì pọ̀, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ òmíràn. Mo ti gbé igbá orín mi wá sí iwájú ọ́fíìsì yín, ibẹ̀ ni màá ti máa tà á báyìí. Ìgbà wo ni eyín yóò wọ inú káàdì? Ẹ dá mi lóhùn.